Ọjọ́ Òǹtẹ̀ Ló Ni Ẹjọ́

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1965, ẹ̀wọ̀n Kàlàbá ni ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí ayé mọ̀ jù lọ wà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti lo nǹkan bí ọdún méjì nínú ọdún mẹ́wàá tí Adájọ́ Ṣówèmímọ́ dá fún wọn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 1963. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Kàlàbá, tó gba ẹnu odò Cross River já sí òkun, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ilẹ̀ Bakassi máa wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan tí kò gùn rárá. Ìwé náà sọ pé Nàìjíríà gbà kí Kóòtù Àgbáyé tó wà ní The Hague máa gbọ́ ẹjọ́ tí orílẹ̀-èdè mìíràn bá pè é, láìjẹ́ pé wọ́n tún ń bẹ̀ ẹ́ kó yọjú, bí ẹni tó pè é bá ṣáà ti gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ara tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Nàìjíríà béèrè nìyẹn. Kò yọ ọ̀rọ̀ ààlà sílẹ̀. Kò yọ ogun sílẹ̀. Kò yọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé òyìnbó sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ìwé náà dé ọwọ́ Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì jókòó síbẹ̀.

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Akọ̀wé kóòtù ni mí. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi ní Ṣàgámù kí n tó fẹ̀yìn tì sí ilé bàbá mi ní Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn tí kò jókòó sẹ́yìn tábìlì wa rí máa ń rò pé ìgbà tí adájọ́ bá wọlé tí gbogbo èèyàn dìde ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí olùpẹjọ́ bá gbé ìwé dé, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ẹni tí ẹ fẹ́ pè yìí, ibo ló ń gbé? Ilẹ̀ tí ẹ ń jà sí yìí, ìlú wo ló wà?" Bí ilẹ̀ bá wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo máa ní, "Ẹ máà bínú, ọ̀hún ni kẹ́ ẹ lọ, ẹjọ́ tiwa kọ́ nìyí." Bó bá jẹ́ tiwa, wọ́n á sanwó, mo á já rìsíìtì fún wọn, mo á wá lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà sórí ìwé. Láti ìgbà tí òǹtẹ̀ bá ti kan ìwé, ẹjọ́ ti di ti kóòtù. Olùjẹ́jọ́ lè kó lọ sí Èkó lọ́jọ́ kejì. Ó lè búra pé òun kò mọ kóòtù náà rí. Ìyẹn kò yọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo jókòó ti ìtàn ẹjọ́ Bakassi, èyí tí Kamẹrúùnù pe Nàìjíríà ní The Hague, ojú akọ̀wé ni mo fi kà á. Àwọn lọ́yà ń sọ̀rọ̀ máàpù àti àdéhùn. Èmi ń wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ pé kóòtù ta ni yóò dá ẹjọ́ ẹni kò ṣàjèjì sí Rẹ́mọ, ilẹ̀ tí Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù wà. Ní 1894, Akárìgbò, ọba wa ìgbà náà, bá Gómìnà Carter tọwọ́ bọ̀wé, Rẹ́mọ sì bọ́ sábẹ́ ìjọba Èkó. Nígbà tí wọ́n tún ilẹ̀ pín ní 1914, wọ́n yọ wá kúrò níbẹ̀, wọ́n fi wá sábẹ́ Ìjẹ̀bú. Láti ìgbà náà, Ìjẹ̀bú-Òde ni àṣẹ ti ń wá. Àwọn àgbà wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ Akárìgbò William Christopher Adédòyìn, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn títí ìgbìmọ̀ ìwádìí Martindale fi jókòó ní 1937, Rẹ́mọ sì di ara rẹ̀ ní 1938. Kò sẹ́ni tó sọ nínú wọn pé òun kò fẹ́ adájọ́. Adájọ́ tí àwọn kò yàn ni wọ́n kọ̀. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọn kò tíì jẹ̀bi ẹjọ́ kankan. Ẹ rántí ìyẹn, nítorí ohun tó tẹ̀lé e ní ilẹ̀ Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún 1962, àwọn 66 nínú àwọn ọmọ ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn kò fẹ́ Olóyè S. L. Akíntọ́lá ní Olórí Ìjọba mọ́. Àwọn 124 ni gbogbo ọmọ ilé náà. Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, ni gómìnà nígbà náà. Wọ́n gba lẹ́tà, wọ́n yọ Akíntọ́lá, wọ́n sì fi Alhaji Dáúdà Ṣóróyè Adégbẹ́nró, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá ní irọ́ ni, pé inú ilé aṣòfin nìkan ni wọ́n ti lè dìbò yọ òun. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nílé aṣòfin ní ọjọ́ 25 oṣù náà, tí wọ́n fi àga lu ara wọn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù ni kò tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Èkó dá Akíntọ́lá láre ní oṣù Keje 1962. Adégbẹ́nró gba Lọ́ńdọ̀n lọ, torí pé lẹ́yìn òmìnira náà, Privy Council ti ọba òyìnbó ṣì ni òpin ọ̀nà fún ẹjọ́ wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1963, Privy Council dájọ́ pé gómìnà kò ṣẹ̀. Lẹ́tà náà tó.

Èrè wo ni Adégbẹ́nró jẹ níbẹ̀? Kò jẹ kankan. Ilé aṣòfin ní Ìbàdàn tún òfin kọ pé gómìnà kò gbọdọ̀ yọ Olórí Ìjọba àyàfi tí ilé bá dìbò, wọ́n sì ní kí òfin tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 1960. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: òfin tí wọ́n ṣe ní 1963 ni wọ́n ní ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960. Ní gbogbo ọdún tí mo fi lu òǹtẹ̀, bí mo bá fi òǹtẹ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lu ìwé kan ṣoṣo, ilé ni mo máa bá ara mi. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1963, Nàìjíríà di olómìnira tí kò ní ọba òyìnbó lórí mọ́, ọ̀nà Privy Council sì dí pátápátá.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹjọ́ wa má lọ sí Lọ́ńdọ̀n mọ́, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni àwọn arúgbó òyìnbó mọ̀ nípa ẹni tó yẹ kó jókòó ní Ìbàdàn? Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ ló kọ mí lóminú. Wọn kò sọ ọ́ ní 1960. Ẹ̀yìn tí Lọ́ńdọ̀n dá wọn lẹ́bi ni ojú wọn là. Àwọn tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà náà mọ ohun tó túmọ̀ sí: nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi nílé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1964, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè gbé e lọ. Àní lọ́yà láti òkèèrè tí wọ́n fẹ́ fi gbèjà ara wọn ní 1962, E. F. N. Gratiaen, ìjọba kò jẹ́ kó wọ Nàìjíríà, wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ìyẹn náà, wọn kò rí i gbà.

Ìjọba tí kò fẹ́ kí Lọ́ńdọ̀n dájọ́ mọ́ ní 1963 ló gba The Hague ní 1965 láìfi àyàfi kan sí i. Bí ó ṣe rí lójú mi ni pé The Hague jìnnà nígbà náà, ó sì wuyì. Táslím Ọláwálé Elias, ọmọ Èkó, ọ̀mọ̀wé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rinlẹ̀ nínú òfin àgbáyé, ni Agbẹjọ́rò-Àgbà ìjọba àpapọ̀. Òun náà ló padà di adájọ́ Kóòtù Àgbáyé ní 1976, tó sì di ààrẹ rẹ̀ láti 1982 sí 1985. Ojú Áfíríkà wà lára kóòtù náà, torí pé Ethiopia àti Liberia ti pe South Africa lẹ́jọ́ síbẹ̀ ní 1960 lórí ilẹ̀ tí a ń pè ní Namibia lónìí, Sir Louis Mbanefo tiwa sì wà lára àwọn tó jókòó gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó rò pé ẹjọ́ máa bá Nàìjíríà fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó yẹ kó bẹ̀rù wà nítòsí. Ní 1961, àwọn ará Northern Cameroons dìbò láti dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà, àwọn ará Southern Cameroons sì dìbò lọ sí Kamẹrúùnù. Kí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn tó parí, Kamẹrúùnù ti pe Bìrìtìkó lẹ́jọ́ ní The Hague lórí Northern Cameroons. Ní oṣù Kejìlá 1963, kóòtù náà ní kò sí nǹkan tí òun lè dá níbẹ̀ mọ́. Kamẹrúùnù pàdánù, ṣùgbọ́n ó ti mọ ọ̀nà. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀, tí kò sì rántí yọ ọ̀rọ̀ ààlà sílẹ̀.

Ní ti Bakassi fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí ìwé ti pọ̀ lórí ìyẹn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Kàlàbá Àtijọ́ fọwọ́ sí àdéhùn ààbò pẹ̀lú Bìrìtìkó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1913, Bìrìtìkó àti Jámánì fa ìlà ààlà, Bakassi sì bọ́ sọ́dọ̀ Jámánì. Ọwọ́ Jámánì ni Kamẹrúùnù ti ń wá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 1975, Ọ̀gágun Gowon àti Ààrẹ Ahidjo fọwọ́ sí ìwé mìíràn ní Maroua lórí ààlà ojú omi. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì ní àwọn kò mọ ìwé yẹn rí. Ní 1981, wọ́n pa ọmọ ogun Nàìjíríà márùn-ún létí ààlà. Ní ìparí 1993, ọmọ ogun Nàìjíríà wọ Bakassi.

Ibi tí iṣẹ́ mi ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1994, Kamẹrúùnù fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní New York pé òun náà gba Kóòtù Àgbáyé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta kan náà, ó pe Nàìjíríà lẹ́jọ́. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà láàárín. Ní oṣù Kẹfà, ó tún fi ilẹ̀ etí Adágún Chad kún un. Bí ẹ bá wo ìwé 1965, gbogbo rẹ̀ bá a mu: Nàìjíríà ní ẹni tó bá ti gba irú nǹkan kan náà lè pe òun. Kamẹrúùnù gbà á, ó sì pè é.

Àtakò mẹ́jọ ni Nàìjíríà gbé kalẹ̀ kí kóòtù má baà gbọ́ ẹjọ́ náà. Èyí àkọ́kọ́ ló dùn ún jù: ó ní ìbúba ni Kamẹrúùnù ba dè é, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó fi ẹ̀dà ìwé Kamẹrúùnù ránṣẹ́ sí òun. Àánú Nàìjíríà ṣe mí níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé inú mi kò gbà. Ìwé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n pè kò bá tíì gbọ́, ìyẹn kò pa òǹtẹ̀ rẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun ní The Hague. Ní oṣù Kejìlá 1955, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Portugal gba kóòtù náà ló pe Íńdíà lẹ́jọ́, kóòtù sì gbọ́ ọ. Íńdíà pariwo irú ariwo tí àwa náà padà pa. Ní apá kejì, orílẹ̀-èdè kékeré kan tí ń jẹ́ Liechtenstein pe Guatemala lẹ́jọ́ ní oṣù Kejìlá 1951. Ìwé Guatemala parí ní oṣù Kìíní 1952. Guatemala ní ìwé òun ti kú, ẹjọ́ kú nìyẹn. Kóòtù dáhùn ní 1953 pé ìwé wà láàyè lọ́jọ́ tí wọ́n pẹjọ́, ẹjọ́ ò kú.

Amẹ́ríkà pàápàá gbìyànjú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 1984, ó kọ̀wé pé òun yọ ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Central America kúrò nínú ohun tí kóòtù lè bá òun gbọ́, kíá-kíá. Ní ọjọ́ 9, Nicaragua pè é. Ìwé tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kọ tẹ́lẹ̀ ní bí òun bá fẹ́ fòpin sí i, òun máa kọ́kọ́ fún ayé ní oṣù mẹ́fà. Kóòtù dì í mú ṣinṣin pẹ̀lú ìwé ara rẹ̀. Lọ́dún kejì, Amẹ́ríkà yọ ìwé náà kúrò pátápátá, kò sì tíì dá a padà.

Ní oṣù Kẹta 1998, àwọn lọ́yà Nàìjíríà dúró ní The Hague, wọ́n ṣàlàyé àtakò mẹ́jọ náà. Kóòtù lọ ro ẹjọ́. Bí wọ́n ti ń rò ó lọ́wọ́, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, Nàìjíríà fi ìwé tuntun sílẹ̀ ní New York. Ìgbà Ọ̀gágun Sani Abacha ni. Olóyè Tom Ikimi ni mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè. Kò sí ilé aṣòfin kankan, wọ́n ti tú u ká láti 1993. Ìwé kúkurú ti 1965 ti wá ní àyàfi mẹ́sàn-án lábẹ́.

Mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn kí wọ́n ka àwọn àyàfi wọ̀nyẹn, torí pé ojú ọgbẹ́ ẹjọ́ Bakassi hàn lára wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá tíì pé oṣù méjìlá nílẹ̀ kò gbọdọ̀ pe Nàìjíríà: ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti Kamẹrúùnù nìyẹn. Ẹni tó bá gba kóòtù tìtorí ẹjọ́ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ pè é: Kamẹrúùnù náà ni. Ọ̀rọ̀ tí ìhà méjèèjì ti gbà láti yanjú lọ́nà mìíràn kúrò níbẹ̀: àtakò Nàìjíríà ni, pé àwọn méjèèjì ṣì ń bá ara wọn jíròrò nígbà tí Kamẹrúùnù sá lọ sí kóòtù. Ogun àti ìjà kúrò níbẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ilé tàbí ní òde. Ọ̀rọ̀ ààlà kúrò níbẹ̀, lórí ilẹ̀, lójú òkun, nínú adágún àti lójú òfuurufú, àfi bí Nàìjíríà bá dìídì gbà. Nínú adágún! Ta ni yóò rántí adágún bí kò bá ṣe ẹni tí wọ́n ti pè lẹ́jọ́ lórí Chad? Èyí tó kẹ́yìn sì yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà kí òmìnira tó dé: 1884 àti 1913 nìyẹn. Wọ́n tún fi kún un pé Nàìjíríà lè fi kún ìwé náà, tàbí kó yọ nínú rẹ̀, nígbà tó bá wù ú, láìfún ẹnikẹ́ni ní oṣù mẹ́fà.

Ẹni tó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí ewúrẹ́ ti wọ yàrá, òun àti ewúrẹ́ ló jọ wà nínú ilé. Àwọn tó kọ ìwé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àyàfi àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ẹjọ́ tí wọ́n bá pè lẹ́yìn ọjọ́ ìwé tuntun ni òun ń bá wí. Ọjọ́ iwájú ni wọ́n ń dáàbò bò. Ẹjọ́ Bakassi ti ní òǹtẹ̀.

Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1998. Ní ọjọ́ 11, tí ẹnu ṣì ń ya Nàìjíríà, kóòtù dájọ́ pé òun lè gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó da àtakò méje nù, ó fi ẹ̀kẹjọ sílẹ̀ de ìgbẹ́jọ́ gan-an. Lórí ọ̀rọ̀ ìbúba, adájọ́ 14 ló ta ko Nàìjíríà, mẹ́ta péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀: Weeramantry ará Sri Lanka, Koroma ará Sierra Leone, àti Bọ́lá Ajíbọ́lá tiwa.

Ọmọọba Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, ti jẹ́ adájọ́ níbẹ̀ láti 1991 sí 1994; Nàìjíríà wá fi wọ́n sípò adájọ́ tirẹ̀ fún ẹjọ́ yìí. Ọ̀kan lára àwọn tó ṣáájú àwọn lọ́yà Nàìjíríà ní The Hague ni Olóyè Richard Akínjídé láti Ìbàdàn. Orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè láìmí kanlẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Òun ló fi ìṣirò ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 gba ìbò 1979 mọ́ Awólọ́wọ̀ lọ́wọ́, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní The Hague, ìṣirò kò bá a ṣe é. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2002, adájọ́ 13 sí 3 gbé Bakassi fún Kamẹrúùnù, wọ́n ní àdéhùn 1913 àti ìwé Maroua fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìlú bíi Darak létí Chad náà lọ. Ohun tí Nàìjíríà ń sọ ni pé ààbò lásán ni àwọn ọba Kàlàbá ní kí Bìrìtìkó fún àwọn ní 1884, pé kò lè fi ilẹ̀ ẹni tó ń dáàbò bò tọrẹ. Ajíbọ́lá kọ èrò tiwọn sílẹ̀ lọ́tọ̀, wọn kò fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Láìka ìyẹn sí, nígbà tí ó tó àkókò láti fi ìdájọ́ ṣe, àwọn náà ló ṣáájú ikọ̀ Nàìjíríà nínú ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe tó tún ààlà náà tò. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn ju ohunkóhun nínú ìtàn yìí lọ.

Ọmọ Òwu mìíràn, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ló wà lórí oyè. Ariwo pọ̀ nílé pé kí wọ́n má gbà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2006, òun àti Ààrẹ Biya fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní ìpínlẹ̀ New York, Kofi Annan sì wà níbẹ̀. Ọmọ ogun Nàìjíríà fi Bakassi sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Ìyókù rẹ̀ lọ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2008, ní ayẹyẹ tí wọ́n ṣe ní Kàlàbá. Ẹ wo ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́tàlélógójì géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé 1965. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Òfin kóòtù fàyè gba ọdún mẹ́wàá láti béèrè àtúnyẹ̀wò bí ẹ̀rí tuntun bá yọjú. Ní 2012, àwọn aṣòfin ní kí ìjọba lọ. Agbẹjọ́rò-Àgbà ní kò sí ẹ̀rí tuntun. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá kọjá, kò sí ìwé tó dé The Hague.

Àṣà kí ìjọba máa tún ìwé kọ lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti dé bá a kò mọ sí Nàìjíríà. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará Kétu àti Àjàṣẹ́ ti jẹ́ tiwa, ìjọba ti gbà kí ará ìlú lè pè é lẹ́jọ́ tààràtà ní Kóòtù Áfíríkà tó wà ní Arusha. Kóòtù náà dá olóṣèlú àti oníṣòwò Sébastien Ajavon láre ní 2019. Ní oṣù Kẹta 2020, Benin yọ ọwọ́. Ọdún kan ló gbà kí yíyọ ọwọ́ náà tó ṣiṣẹ́, àwọn ẹjọ́ tó sì ti wọlé ṣáájú wà níbẹ̀. Rwanda àti Tanzania ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú, Côte d'Ivoire ṣe é ní oṣù tó tẹ̀lé ti Benin. Bìrìtìkó náà tún ìwé tirẹ̀ kọ ní The Hague ní 2017, lẹ́yìn tí àwọn erékùṣù Marshall pè é lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì. Nàìjíríà ní tirẹ̀ kò tíì gbà rí kí ará ìlú pè é ní Arusha. Ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti lè pe ìjọba rẹ̀ lẹ́jọ́ lẹ́yìn odi ni kóòtù ECOWAS, ìyẹn náà sì jẹ́ láti 2005. Ṣáájú rẹ̀, ní 2004, oníṣòwò kan tí ìjọba ti ibodè Benin mọ́ pe ẹjọ́ síbẹ̀, wọ́n ní ẹni kan ṣoṣo kò lè pẹjọ́. Ó kéré tán, ẹ̀yìn ẹjọ́ yẹn ni wọ́n la ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ni mo rí tí wọ́n fi kún un dípò kí wọ́n yọ nínú rẹ̀.

Kí orílẹ̀-èdè sọ ohun tó fẹ́ kí kóòtù òkèèrè dá àti ohun tí kò fẹ́ kó dá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí mo rí láìtọ́ ni pé wọn kò sọ ọ́ nígbà tó yẹ, àti pé mínísítà kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ọ́ láìbi ẹnikẹ́ni. Àwọn apẹja Bakassi kò mọ̀ ní 1965 pé ìwé kan wà, wọn kò sì mọ̀ ní 1998 pé wọ́n tún un kọ. Ìwé 1998 ló ṣì wà ní New York lónìí, pẹ̀lú àyàfi mẹ́sàn-án rẹ̀. Ìjọba ológun ló kọ ọ́. Láti 1999 la ti ní ilé aṣòfin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ sẹ́nétọ̀ yín tàbí tí ẹ mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé náà síwájú ilé, kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n sì sọ èyí tí wọ́n gbà àti èyí tí wọn kò gbà nínú rẹ̀, nísinsìnyí tí kò sí ẹjọ́ kankan nílẹ̀.